Kẹ́ẹ̀gì Àkànjí

"Màmá, lítà mélòó ló máa gbé ọkọ̀ yìí dé Ẹ̀pẹ́?"

Ìbéèrè tí Dókítà Adéníran bi Rẹ̀mílẹ́kún nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kọkànlá, lẹ́nu ìsọ̀ tí obìnrin náà ti ń ta dísẹ́ẹ̀lì ní èbúté Ìwòpin. Ó rò pé òun á gba èsì kí òun tó pa ilẹ̀kùn mọ́tò òun dé. Ọjọ́bọ̀ ló tó rí èsì gbà.

Kì í ṣe pé obìnrin náà kò gbọ́. Rẹ̀mílẹ́kún kì í dárúkọ iye ohun tí kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, ìbáà jẹ́ ọba ló bi í. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ọmọ Màmù, níbi tí omi tó pọ̀ jù lọ tó rí ní kékeré ti jẹ́ odò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ là kọjá lọ sóko kòkó. Kíláàsì kẹta ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ìyókù, òun ló kọ́ ara rẹ̀: ó kọ́ ìwé kíkà lára páálí ọ́ìlì, ó kọ́ ìṣirò lára ike. Nígbà tó fẹ́ Zechariah, mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tó sì bá a sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìwòpin, ó pinnu lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí ọ̀sà pé etí rẹ̀ ni òun máa jókòó sí, òun ò ní gba orí rẹ̀ lọ síbì kankan. Ọdún mọ́kànlélógójì nìyẹn. Ó ti ta dísẹ́ẹ̀lì fún ọkọ̀ tí kò lóǹkà, kò sì tíì bá ọ̀kan nínú wọn kọjá ibi tó ti lè máa wo òrùlé ìsọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ tí Dókítà ń wí yìí, ọkọ̀ ìgbòkun ni. Ìṣirò ni Dókítà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, àmọ́ odindi ọdún mẹ́ta ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìwòpin ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, òun àti Bùsúyì ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà ará Ìlápòrú tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kan ọkọ̀ náà láti orí pákó àkọ́kọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́dọlá, orúkọ ìyá Dókítà. Ọ̀dà ti gbẹ lára rẹ̀, òpó ti nàró, ẹ́ńjìnnì kékeré onídísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀ ti jókòó sí inú rẹ̀. Dókítà ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan láti parí rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó kù sì ni aṣọ ìgbòkun fúnra rẹ̀. Aránṣọ tapólì kan ní Ẹ̀pẹ́ ti rán an tán, ó sì ní dandan ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá kí òun fi wọ òpó níṣojú òun, torí òun ò ní rán an lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ọkọ̀ ìgbòkun ló máa fi ẹ́ńjìnnì rìn lọ gba ìgbòkun rẹ̀.

"Ìyàwó tó ń rin ìhòòhò lọ gba aṣọ ìgbéyàwó nìyẹn," ni Bùsúyì ń sọ kiri èbúté.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Rẹ̀mílẹ́kún ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì náà. Ó fi ike ọ́ìlì lítà kan ṣe tánkì fún un, ó ti páìpù bọ ọ́ lẹ́nu, ó jókòó tì í pẹ̀lú aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni ẹ́ńjìnnì fi mu ike náà gbẹ. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́rú, ó ní kí wọ́n wa ọkọ̀ náà láti èbúté dé ibi òpó àwọn apẹja, kí wọ́n sì padà, pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n máa gbé gan-an nínú rẹ̀. Òun dúró létí omi, ó ń wo aago. Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ bá àwọn tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, ó bi wọ́n pé báwo ni ojú oró ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló wá sọ ọ́.

"Lítà márùndínláàádọ́ta."

Ẹnu ya Dókítà. "Màmá! Ìrìn wákàtí márùn-ún? Lítà mẹ́ta ni wákàtí kan. Mẹ́ta lọ́nà márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àlọ," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àbọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ohun tí ojú ò tíì rí."

"Àbọ̀ kẹ̀? Afẹ́fẹ́ ló máa gbé wa bọ̀ o, Mà. Torí ẹ̀ la ṣe ń lọ gba aṣọ."

"Ẹ ti bá afẹ́fẹ́ náà sọ̀rọ̀?"

Bùsúyì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fẹ́ gbà bọ̀rọ̀. "Ó dáa. Kí wá ni ohun tí ojú ò tíì rí?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti kà á mọ́ ti àlọ."

Ìṣirò Zechariah nìyẹn. Bí ó ṣe ń ṣe é fún gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ìyàwó rẹ̀ ò sì yí i padà láti ìgbà tó ti kú. Dókítà gbà. Ó fẹ́ máa lọ, obìnrin náà sì pè é padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Mo ní kẹ́ẹ̀gì kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé dé Ẹ̀pẹ́."

"Kò sí wàhálà, Mà. Ta ni ká gbé e fún?"

"Èmi ni mo máa gbé e fún un. Màá bá yín lọ."

Bùsúyì tó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dúró gangan. "Ìyá, ẹ̀yin? Lórí omi yìí?"

"Ṣé ọkọ̀ tí o kàn ò dáa ni?"

"Ó dáa o! Ó dáa, Ìyá mi. Ẹ má ba iyì mi jẹ́."

Kẹ́ẹ̀gì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ òféèfèé ni, ó ń gba ogún lítà géérégé, Rẹ̀mílẹ́kún sì fi ọ̀rá àti òwú pupa di ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Zechariah kó pákó gba orí ọ̀sà kọjá, dísẹ́ẹ̀lì sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́ láàrin omi nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan tó ń jẹ́ Àkànjí ló dúró, tó gbé ogún lítà fún un láti inú ti ara rẹ̀. Zechariah na owó sí i. Ọkùnrin náà kò gbà á. "Dísẹ́ẹ̀lì ni mo fún ọ, dísẹ́ẹ̀lì ni kí o dá padà fún mi," ni ó wí. "Orí omi la sì ti pàdé. Má gbé e gba orí títì wá o."

Láti ìgbà náà, ní gbogbo oṣù Kejìlá, Zechariah máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Tó bá dé, ìyàwó rẹ̀ á bi í pé, "Ṣé o ti san án?" Òun náà á ní, "Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tún fún mi lọ́dún kan sí i."

Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí wọ Rẹ̀mílẹ́kún lára. Kí ọkọ ẹni tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì jẹ gbèsè ogún lítà dísẹ́ẹ̀lì! Ó rántí pé lọ́dún àkọ́kọ́, òun fúnra òun rọ kẹ́ẹ̀gì kún fún un. Ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, kíkún bẹ́ẹ̀, kò sì rí àlàyé gidi ṣe. Láti ọdún kejì ni Rẹ̀mílẹ́kún kò ti rọ ọ́ mọ́. Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin náà fi ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn wá dá a dúbúlẹ̀, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tó sọ tí ó mọ́gbọ́n dání ni: "Rẹ̀mí, kẹ́ẹ̀gì Àkànjí o. Ìwọ ni kí o gbé e lọ."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó rọ kẹ́ẹ̀gì náà kún. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń tà á, tó ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kó má baà ṣá. Àmọ́ kò rí bó ṣe máa gbé e lọ. Wọ́n ti ní kó má gba orí títì. Àwọn ọkọ̀ elérò kì í gbà kí èèyàn gbé epo wọlé, eré tí wọ́n ń sá lórí omi sì ń bà á lẹ́rù láti orí ilẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá ni apẹja kan wá sọ fún un pé Bàbá Àkànjí ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Láti ọjọ́ náà ni oorun rẹ̀ ti já. Ó fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì náà dé ọwọ́ bàbá yẹn ní kíkún, nígbà tí ọwọ́ náà ṣì lè gbà á. Ọkọ̀ Dókítà kì í sáré. Ìyẹn ló mú kó là á lẹ́nu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà ààbọ̀, gbogbo wọn ti wà ní èbúté. Rẹ̀mílẹ́kún gbé kẹ́ẹ̀gì gbèsè wá lọ́tọ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì méjì mìíràn wá fún ìrìn àjò. Àbùkù kan ṣoṣo ló wà nínú ètò rẹ̀. Ó ti fẹ́ kí wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú tánkì ọkọ̀ sílẹ̀, kí òun tún fi ike lítà kan rọ ọ́ padà, kí òun máa fi ọ̀bẹ sàmì sí ara ọwá ọ̀pẹ ní lítà kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá ki ọwá náà bọ tánkì, á sọ òótọ́ fún wọn. Kò sí ẹni tó ráyè. Dókítà ti ki ọ̀pá tirẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó fà á yọ, ó gbé e sókè bíi olùkọ́ nínú kíláàsì.

"Tánkì ọgọ́ta lítà. Ọ̀pá tutù dé ìdajì. Ọgbọ̀n lítà nìyẹn. Ẹ bá mi fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ó di márùndínláàádọ́ta. Iye tẹ́ ẹ sọ gan-an, Mà."

Rẹ̀mílẹ́kún wo ọ̀pá náà. Ó wo ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí Bùsúyì ti fi tánkì náà há ikùn ọkọ̀ lábẹ́ pákó. "Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ni ó bèèrè. "Ṣé ó fẹ̀ tó òkè?"

"Màmá," ni Dókítà wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ìṣirò ni iṣẹ́ mi."

Rẹ̀mílẹ́kún dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà ló tó dárí ji ara rẹ̀ nítorí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó rọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, wọ́n sì fi èyí tó kù sílẹ̀ ní èbúté, torí Dókítà ní ẹrù ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tí ọkọ̀ kúrò létí ilẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sílẹ̀ gbọnrangandan, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há kẹ́ẹ̀gì gbèsè náà mọ́lẹ̀, ó sì dijú. Bùsúyì ní, "Ìyá, ẹ lajú. Owó ìran ò sí níbí, ọ̀fẹ́ ni." Ó la ọ̀kan. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni òrùlé ìsọ̀ rẹ̀, ó ti kéré bí ìdérí ìṣasùn. Ó la èkejì. Kò mọ̀ rí pé Ìwòpin lẹ́wà. Kùrukùru ọyẹ́ ń gbéra lórí omi, àwọn igi ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn apẹja tó ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé dìde dúró nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń pariwo.

"Ìyá Elépo! Ṣé ẹ̀yin lẹ wà lórí omi yẹn?"

"Èmi ni," ni ó dáhùn, ohùn rẹ̀ ò tíì jókòó dáadáa. "Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́!"

Nígbà tí wákàtí kan fi pé, ó ti tú gèlè rẹ̀, ó fi afẹ́fẹ́ sí orí. Bùsúyì, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gbé orin kan, Rẹ̀mílẹ́kún tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà, tí kò mọ orin kọ rárá, ń fi ọwọ́ lu ìtọ́kọ̀. Wọ́n fi ẹja díndín mu gàrí. Obìnrin náà kó ìdérí ìgò mẹ́wàá sí àpò òsì; bí wákàtí kan bá ti pé, á mú ọ̀kan, á fi sí àpò ọ̀tún. Bó ṣe ń ka iye tí ẹ́ńjìnnì ti mu nìyẹn, lítà mẹ́ta fún ìdérí kan.

Ní ìdérí kẹta ni wọ́n bá ojú oró pàdé. Ó tẹ́ lọ bíi pápá, tútù yọ̀yọ̀. Ọ̀nà tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ júwe ti dí pátápátá. Wọ́n gba ọ̀nà mìíràn tó dà bí ẹni pé ó là, wọ́n rìn ín fún wákàtí kan àbọ̀, òun náà sì dí níwájú. Wọ́n ní láti yí padà. Ẹ́ńjìnnì kò sinmi ní gbogbo ìgbà yẹn.

"Ohun tí ojú ò tíì rí," ni Bùsúyì wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní ìdérí keje, Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Dókítà, mọ́kànlélógún ti lọ."

"Ó ku mẹ́rìnlélógún, Mà. A ò níṣòro."

Ìdérí kẹjọ wọ àpò ọ̀tún. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kan, ó sì kú. Ìdákẹ́rọ́rọ́ bo orí ọ̀sà. Wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ní iwájú lọ́hùn-ún, òrùlé Ẹ̀pẹ́ ń tàn yanran nínú oòrùn ọ̀sán, bí ìrìn wákàtí kan.

Dókítà ki ọ̀pá rẹ̀ bọ tánkì. Ó fà á yọ. Ìdí rẹ̀ nìkan ló tutù, kò sì tó ibi tí ẹnu páìpù wà. Ó ká pákó ilẹ̀ ọkọ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo tánkì náà láti ẹ̀gbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹnu àdá, gẹ́gẹ́ bí ikùn ọkọ̀ ṣe rí. Ó jókòó sórí pákó, ó gbé ọwọ́ lórí.

"Ìdá kan nínú mẹ́rin," ni ó wí. "Tí ìsàlẹ̀ bá mú báyìí, tí ọ̀pá bá tutù dé ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà níbẹ̀ láàárọ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní èyí, Bùsúyì. Mo ń kọ́ wọn!"

Bùsúyì rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. "Dókítà! Wọ́n á já ọ sílẹ̀ o! Wọ́n á ní kí o padà wá tún kíláàsì yẹn kà!"

"Ìwọ lo kan ilé fún tánkì náà!"

"Èmi mọ̀ pé ó mú! Ṣé o bi mí ni?"

Ẹ̀rín yẹn mú Dókítà náà, kò sì pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń nu ojú. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Díẹ̀díẹ̀, láìfẹ́, ojú wọn rìn lọ sí ibi kan náà.

"Ẹ má wo kẹ́ẹ̀gì mi," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Wọ́n gbé ojú kúrò. Wọ́n wo ọ̀sà. Kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí. Ojú oró tí afẹ́fẹ́ kékeré ń tì ti ń fi ara kan ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń rọra gbé wọn padà síhà ibi tí wọ́n ti wá. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé orí kẹ́ẹ̀gì. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Bí ó bá tú u, kò tún lè gbé e fún bàbá yẹn ní kíkún. Bí kò bá tú u, ó lè má gbé nǹkan kan fún un rárá, torí òun mọ ara òun: bí alẹ́ bá bá òun lórí omi yìí, òun ò ní tún padà wá láéláé. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ronú kan Zechariah, nínú ọkọ̀ pákó, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá ní ibi yìí gan-an.

Ó tú òwú pupa náà.

"Ẹ fún mi ní ike lítà kan."

Ó wọn mẹ́fà, ó ń dúró de ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn nínú ike kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́ta fún ọ̀nà, mẹ́ta fún ohun tí ojú ò tíì rí."

"Ìyá, a ti rí i o," ni Bùsúyì wí. "Inú ẹ̀ la jókòó sí yìí."

"Òmíràn lè wà lẹ́yìn rẹ̀."

Dókítà fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì, obìnrin náà dá a dúró. Afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù. Bó bá ń tan án títí di ọ̀la, bátìrì nìkan ló máa kú. Ó gba sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ páńpù ọwọ́. Ìfófòó ń jáde pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì, ó ń pọ̀, ó ń dín kù, ó tán. Ó yí nọ́ọ̀tì náà le padà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi wo ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe é. Kò ṣe é fúnra rẹ̀ rí. "Ẹ tan án."

Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọwọ́ tó kún fún epo sókè, ó hó bí ọmọdé, ariwo náà sì ya òun alára lẹ́nu.

Aago mẹ́rin ń lọ lù nígbà tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ilé Bàbá Àkànjí kò jìnnà sí omi. Bàbá náà jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ ẹni tó wá, ó gbé ojú bàìbàì náà sókè.

"Ìyàwó Zechariah? Ti Ìwòpin? Súnmọ́ mi kí n rí ọ."

Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà na ọwọ́, ó mi kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí sí i.

"Kò kún."

"Kò kún, Bàbá. Ó kún nígbà tí mo kúrò nílé. Lítà mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Ó ku mẹ́fà."

Dókítà dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Ibi tí wọ́n ti ń ta epo ò jìnnà, mò ń lọ ra mẹ́fà yẹn báyìí."

"Jókòó," ni bàbá náà wí. "Ta ló rán ọ? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí mẹ́fà mi?"

Bùsúyì ló ròyìn rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tó dé orí tánkì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, Bàbá Àkànjí ti ń fi ọwọ́ gbá itan. Nígbà tó dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti kú láàrin omi, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. "Alhamdulillah! Ọkọ ṣe é, ìyàwó ṣe é! Dísẹ́ẹ̀lì mi ló tún gbé yín dé! Kí ni mo jẹ yín ní ìdílé yìí?"

"Ẹ dárí jì wá, Bàbá," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Láti ọjọ́ yìí wá. Mo mọ̀ pé ọkọ mi dá yín lágara. Ọdọọdún ló ń wá bẹ̀ yín."

Ẹ̀rín bàbá náà dáwọ́ dúró. "Kí ló sọ fún ọ?"

"Ó ní òun bẹ̀ yín, pé ẹ tún fún òun lọ́dún kan sí i."

"Kò purọ́. Ṣé ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ?" Bàbá náà tẹ̀ síwájú. "Lọ́dún àkọ́kọ́, ó gbé e wá kíkún. Mo ní kó gbé e padà. Mo ní, Zechariah, tí o bá san án lónìí, kí ló tún máa gbé ọ wá síbí lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹsẹ̀ ò pọ̀ nílé mi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ òfìfo ló fi ń wá. Á kúnlẹ̀ síbi tí o kúnlẹ̀ sí yìí, á sì ké kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: Bàbá Àkànjí, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi lọ́dún kan sí i! Èmi á bú u. Ajigbèsè! Aláìnítìjú! Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún wa, a ó jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú."

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún méjìlélógún tó fi ń tijú ń kọjá lójú rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "Zechariah! Alágàbàgebè! Ó máa ń fajú ro tó bá dé o, Bàbá. Ó máa ń fajú ro!"

"Ọmọ burúkú ni," ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Kò sí ẹni tó wá bẹ̀ mí láti ọdún mẹ́rin." Ó fa kẹ́ẹ̀gì náà súnmọ́ àga rẹ̀. "Màá gba mẹ́rìnlá yìí nítorí rẹ̀. Mẹ́fà tó kù, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi rà á. Ṣé o gbọ́, Dókítà?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Wọ́n sùn sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, aránṣọ fi ìgbòkun wọ òpó, ó bá a mu rẹ́gí. Dókítà alára ló da tánkì sílẹ̀, tó fi ike lítà kan rọ ọ́ padà, tó ń ké iye rẹ̀ sókè, Rẹ̀mílẹ́kún sì ń fi ọ̀bẹ sàmì sí ara ọwá ọ̀pẹ. Àwọn àmì ìsàlẹ̀ jìnnà síra wọn, wọ́n ń súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sókè. Ó dúró ní márùndínláàádọ́ta. Kò sí ẹni tó jiyàn.

Afẹ́fẹ́ dé ní ọ̀sán. Wọ́n ta ìgbòkun, aṣọ náà pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì kún. Wọ́n ti tú okùn nígbà tí wọ́n rí Bàbá Àkànjí tí wọ́n mú lọ́wọ́ wá sí etí omi. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ké tí gbogbo èbúté fi yíjú síbẹ̀.

"Ìyàwó Zechariah! Ajigbèsè! Lítà mẹ́fà mi dà?"

Ọwá ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ó ṣì tutù dé àmì karùndínláàádọ́ta. Ike lítà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì jìnnà.

Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, láìdi nǹkan kan mú, ó sì ká ọwọ́ yí ẹnu, ó ké.

"Ẹ ṣàánú mi, Bàbá! Ẹ fún mi lọ́dún kan sí i!"